Fọ́tò Kan Kí Ọkọ̀ Tó Kọjá

7.

…torí náà, kí àsíá tuntun ti wà lórí òkè etí omi kí aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la tó lù. Ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan ń bọ̀. Kò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Kí fọ́tò gbé àsíá àti ọkọ̀ náà pọ̀, kí ayé mọ̀ pé omi Kánádà ni.
— Lavoie, ọ́fíìsì gúúsù

8.

Jaypeti, ẹ̀ṣọ́ etí omi, ọmọ Inuit, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yìnyín náà, ka lẹ́tà náà fún ìyàwó rẹ̀ nídìí tíì.

"Oṣù Kẹfà rèé," Miaji ní. "Yìnyín ti rọ̀. Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí?"

"Ẹni tí kò débí rí."

9.

Ohun tó kó sórí alùpùpù orí yìnyín rẹ̀: àsíá, òpó irin, ẹ̀rọ fọ́tò, rédíò, ẹran gbígbẹ ti séèlì, ẹranko inú òkun.

Ohun tó béèrè tí wọn ò fi ránṣẹ́: ọkọ̀ ojú omi.

10.

Rédíò, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Miaji ń gbọ́ ọ nílé.

JAYPETI: Ọ̀gá, omi ti ń yọ lójú yìnyín. Mo fẹ́ padà.
LAVOIE: Ó ku mélòó?
JAYPETI: Kìlómítà méjì.
LAVOIE: Méjì péré! Ọmọ Inuit wo ló ń bẹ̀rù omi?
JAYPETI: Èyí tó mọ̀ ọ́n.
LAVOIE: (ẹ̀rín) Máa lọ, jàre. Mínísítà ń dúró.
MIAJI: Bàbá Siku, padà wálé!
LAVOIE: Ìyáàfin, ẹ kúrò lórí ìlà ìjọba.

11.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì: kò sí ohùn mọ́.

12.

ÌRÒYÌN, Ọ́FÍÌSÌ GÚÚSÙ
Alùpùpù orí yìnyín, ọ̀kan: ó rì.
Àsíá, ọ̀kan: ó sọnù.
Ẹ̀ṣọ́, ọ̀kan: a ò tíì rí i.
Bàálù ìwákiri: ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ òkèèrè. Yóò ráyè lọ́la.
Ọkọ̀ náà ti pẹ́. Aago mẹ́ta ni yóò kọjá. Àǹfààní ṣì wà.

13.

Miaji ò sunkún. Ó ń ka iye ìṣẹ́jú tí èèyàn lè lò nínú omi yẹn. Láti kékeré ni gbogbo ará ibẹ̀ ti mọ iye náà. Ó kà á tán.

Ó tún bẹ̀rẹ̀.

14.

LAVOIE: Paulusi, ìwọ náà ẹ̀ṣọ́ ni. Àsíá kejì wà ní ilé ẹ̀kọ́.
PAULUSI: Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ wá, Ọ̀gá.
LAVOIE: Kò burú. Tó o bá ti gbé àsíá dúró tán, máa wá a.

15.

Miaji ti jókòó lé bàtà Paulusi, àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

"Àsíá lo fẹ́ lọ gbé, àbí ọkọ mi?"

"Ojú yìnyín kan náà ni wọ́n wà."

Rédíò ní: Paulusi, ṣé ò ń gbọ́?

Miaji fún un ní bàtà ẹsẹ̀ kan.

Èkejì, ó gbá a mọ́ àyà.