Ọ̀wẹ̀ Orí Fóònù

"Àlùbọ́sà ti kún!"

Hamizah fò sókè lórí àtẹ̀gùn ilé wọn débi pé bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan já bọ́ sáàárín àwọn adìyẹ. Kò tilẹ̀ wò ó. Fóònù ló ń wò. Àpótí kékeré tí òun fúnra rẹ̀ yà sójú fóònù náà ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti pupa, ọ̀rọ̀ sì ti yọ lábẹ́ rẹ̀: Ó ti tó, ẹ ṣé. Èèyàn mẹ́fà ti forúkọ sílẹ̀ láti gé àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ aago méje àárọ̀ kò tíì lù.

Lọ́la ni ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹgbẹ̀rin àlejò ni yóò jẹun lábẹ́ àtíbàbà. Òní wá ni ọ̀wẹ̀ ìdáná, tí wọ́n ń pè ní rewang ní gbogbo ìgbèríko Batu Pahat. Ẹnu ni wọ́n fi ń pe èèyàn sí i láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n Hamizah, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ní ìlú Johor Bahru, ní ó ti rẹ ẹnu, kí fóònù gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ iṣẹ́ náà. Syazlin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ní áàpù gidi ni kó kọ, irú èyí tí èèyàn ń gbà sórí fóònù. Hamizah rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbà á? Fídíò ọmọ-ọmọ ti kún inú fóònù àwọn ìyá abúlé wọn débi pé eèrà ò lè ráyè dúró níbẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìkànnì ló kọ, àmọ́ irú ìkànnì tuntun tó ń ṣe bí áàpù: èèyàn á tẹ líǹkì, á ṣí, á gbé e sójú fóònù, á jókòó síbẹ̀ bí onílé, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, kò ní kú, á di ohun tí wọ́n kọ mọ́ra títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dé. Bó bá ti ń ronú kàn án, ara rẹ̀ á yá gágá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí. Bó bá sì parí èyí, òmíràn ń bọ̀ fún àwọn tó ń kó èso ọ̀pẹ, òmíràn fún àwọn apẹja etí odò. Orí rẹ̀ ń ho bí ìkòkò ẹ̀wà.

Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀. Àlùbọ́sà, èèyàn mẹ́fà. Atalẹ̀, mẹ́rin. Ẹran, mẹ́jọ. Àgbọn yíyan tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀ ẹran, márùn-ún. Bó ṣe tò ó títí kan abọ́ fífọ̀ nìyẹn.

"Mak," ó ké sí ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, "gbogbo ẹ̀ ti pé."

"Èèyàn mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì."

Ìyá náà tún iye yẹn pè lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo agbada irin ńláńlá mẹ́rin tó dojú dé lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tó fi di aago mẹ́wàá, mọ́kàndínlógún péré ló yọjú. Àwọn akẹgbẹ́ Hamizah kan tó forúkọ sílẹ̀ ṣì wà lórí ibùsùn ní Johor Bahru. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó dùn ún tẹ̀ ni. Zarul ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n forúkọ sídìí àgbọn, koná bí ẹni tó fẹ́ sun oko, agbada àkọ́kọ́ sì ti dúdú kirikiri. Agbo ilé dákẹ́ débi pé èèyàn lè ka ìró ọ̀bẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹran àti àgbọn ò bá jinná kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìrẹsì funfun báláú ni ẹgbẹ̀rin èèyàn yóò bá lórí ewé lọ́la, ìyá Hamizah kò sì ní lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́ mọ́. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó dé. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Hamizah fara pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi, ó ṣí ibi tí òun nìkan tó ni ìkànnì lè rí. Àṣé nǹkan kan ti bàjẹ́? Rárá o. Ó ṣiṣẹ́ láìkù síbì kan. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti wọlé, tí wọ́n kọ orúkọ wọn, tí ìkànnì sì dá gbogbo àwọn tó kù padà: Ó ti tó, ẹ ṣé. Orúkọ kan sì ń yọ lójú rẹ̀. Tumirah. Tumirah. Tumirah. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, láti ìdájí. Ó gbìyànjú àgbọn, ó ti kún. Ó gbìyànjú atalẹ̀, ó ti kún. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá, Wak Tumirah, Wak tí wọ́n fi ń pe àgbà, ẹni tó ti ń yan àgbọn gbogbo ìgbéyàwó abúlé kí wọ́n tó bí ìyá Hamizah, wá ààyè sídìí abọ́ fífọ̀. Ibẹ̀ náà ti kún.

Hamizah ki fóònù bọ àpò. Ó gun alùpùpù lọ sílé ìyá àgbà náà.

Wak Tumirah jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ti wé gèlè iṣẹ́, ọ̀bẹ rẹ̀ tó fi aṣọ dì wà lórí itan. Nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àgbà mẹ́jọ ń mu kọfí, tọ̀bẹ tọ̀bẹ, wọ́n gbé fóònù kan sáàárín bí aláìsàn tí wọ́n ń ṣọ́. Hamizah tẹrí ba, ó fi ẹnu kan ọwọ́ ìyá náà, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀.

"Ẹ̀rọ ẹ ní ó ti tó, ẹ ṣé," Wak Tumirah ní. "Ogójì ọdún ni ọkọ mi fi gbọ́ ariwo mi kó tó kú. Kò láyà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Ẹ̀rín bú nínú yàrá. Wak Tumirah gan-an ló rín jù, ó di ìdí mú, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra o, pé bí òun ṣe darúgbó yìí, ẹ̀rín díẹ̀ ló kù tí òun á tọ̀ sára.

"Kò ní kẹ́ ẹ má wá, Wak. Iye èèyàn tí iṣẹ́ gbà ló ń kà."

"Iṣẹ́ wo?"

Hamizah fi àwọn àpótí ojú fóònù hàn án. Wak Tumirah ò wò ó.

"Ta ló wà nídìí àgbọn?"

"Zarul."

"Inna lillahi," ẹnì kan sọ láti inú yàrá.

Hamizah jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó ṣí kóòdù rẹ̀ lórí fóònù. Ìlà kan ṣoṣo ló ti gbogbo ilẹ̀kùn yẹn. Ó pa á rẹ́, ó fi ránṣẹ́. Ohun tó mú un fẹ́ràn iṣẹ́ ìkànnì láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí: bí èèyàn bá tún un ṣe níhìn-ín, ó ti tún ṣe lọ́wọ́ gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ò tún nílò láti gba nǹkan kan. Lójú fóònù tó wà láàárín àwọn ìyá náà, àwọn àpótí pupa bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wak Tumirah gba fóònù, ó di ojú kan, ó tẹ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: àlùbọ́sà, ẹran, abọ́, títí kan agbada gbígbé tó jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin. Kí Hamizah tó yí alùpùpù padà, ìyá àgbà ti gorí rẹ̀.

"Sún síwájú. Ìdí tèmi, ààyè èèyàn méjì ló ń gbà."

Kó tó di ọ̀sán, agbo ilé ti kún fọ́fọ́. Wọ́n ń dé lórí kẹ̀kẹ́, lórí alùpùpù, ní ẹsẹ̀, wọ́n ń bú ẹ̀rọ, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ara wọn. Wak Tumirah fa igi jáde nídìí iná, ojú lásán ló fi lé Zarul, àgbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi dé títì. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ agbada mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀. Ìyá Hamizah ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, èyí ló fi hàn pé ara tù ú. Èèyàn laṣọ.

Ẹnì kan fa Hamizah létí aṣọ, ó mú un jókòó sídìí atalẹ̀, sáàárín ìyá méjì tí kì í kí ara wọn láti ọdún tí wọ́n ti jà lórí kòtò omi tó la oko ọ̀pẹ wọn. Ọ̀kan ti àwo sí èkejì. "Gbà," ó ní. Èkejì gbà á. Lẹ́yìn náà, ó bi ẹni tó ti àwo sí i bóyá orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún.

Hamizah yọjú wo fóònù. Àpótí atalẹ̀ tó ṣe fún èèyàn mẹ́rin ti gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, iye náà ti ya kúrò nínú ààlà rẹ̀, ó gùn jáde bí ikùn aboyún. Ó yẹ kó tún un ṣe. Orí rẹ̀ tún ti ń ho: kí ni ìkànnì kan ì bá kà, bí kì í bá ṣe iye ọwọ́? Ó fẹ́ pe Syazlin lójú ẹsẹ̀.

Ó na ọwọ́ mú atalẹ̀ mìíràn. Àwo ti ṣófo. Ó ti ṣófo tipẹ́, bí a bá fi ojú èèpo tó ti gbẹ lórí ẹní wò ó. Ó fẹ́ sọ fún wọn. Ó wo ọ̀bẹ gbogbo tó dúró lọ́wọ́ àwọn ìyá náà, ó wo ẹnu tó ń lọ láìsinmi, ó rí i pé kò sẹ́ni tó múra àtidìde.

Ó ti fóònù sábẹ́ itan. Ó di ọ̀bẹ tirẹ̀ mú, ó sì sún mọ́ wọn kí ó lè gbọ́ ìtàn orúnkún náà dáadáa.