Omi Odò Lórí Pẹpẹ

Ẹ má tún bi mí pé báwo ni omi odò ṣe dé orí pẹpẹ. Gbogbo ìjọ wa ló ti bi mí, ẹnu mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ jókòó, n ó rò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni má bi mí mọ́.

Ọmọ mi Wúrà wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́: ewéko, ẹranko, àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Kí wọ́n tó lè jáde, oníkálukú gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ti Wúrà ni pé kí ó mọ irú kòkòrò tó wà nínú odò tó ń ṣàn lẹ́yìn àdúgbò wa ní Dagenham East nílùú òyìnbó níbí, kí ó sì mọ èyí tí oògùn apakòkòrò ilé ìwòsàn kò ràn mọ́ nínú wọn. Mo ní, "Wúrà, nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, omi ẹlẹ́gbin lo rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ibẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí." Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, mo sì ti fọ ìdọ̀tí tó pọ̀ láyé yìí. Síbẹ̀, tí mo bá ń gbọ́ ọmọ mi tó ń pe orúkọ àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn bí ẹni ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, orí mi máa ń wú.

Olùkọ́ tó ń bojú tó iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Dókítà Jannah, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré: omi tí wọ́n bá bù nínú odò, yàrá ìwádìí ni yóò lọ tààrà. Kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ohun tí ènìyàn ń jẹ tàbí tí ó ń mu. Wúrà mọ òfin náà bí ẹni mowó.

Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. Omi ẹ̀yìn òjò gan-an ni Wúrà ń wá, nítorí pé òjò ló máa ń gbá ìdọ̀tí gọ́tà wọ odò. Ilé ìwé wọn sì ti tì títí di ọjọ́ Ajé. Kí ló kù tí yóò ṣe? Ó wọ bàtà òjò, ó lọ bu ìgò méjì. Ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó tún fi bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí sẹ́ ẹ kí ẹrẹ̀ lè kúrò, omi náà sì mọ́ lójú kedere. Ó kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sára ìgò méjèèjì, ó kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó sì gbé kúlà náà sínú bútù mọ́tò wa. Lójú tirẹ̀, kò gbé e wọ ilé, kò sì rú òfin púpọ̀. Ọmọdé!

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, oníkálukú ló ń gbé omi tirẹ̀ wá, yóò kọ orúkọ tàbí lẹ́tà tirẹ̀ sára ìgò kí ó má bàa sọnù. Àwọn àgbà ìjọ yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ. Wòlíì yóò gbàdúrà sí i, yóò kán lọ́fíńdà sínú rẹ̀, a ó sì gbé e relé láti mu àti láti wẹ̀. Ọkọ mi, Adétáyọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Wúrà, ni olórí àwọn tó ń kó omi. Inú bútù wa ni tiwa náà máa ń wà.

Ó ti pẹ́ tí Wúrà kò ti gbé omi wá mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun bàbá rẹ̀. Á ní yunifásítì ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Nítorí náà, nígbà tí ó ṣí bútù àti kúlà inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, ní iwájú ilé ìjọsìn wa ní Castle Green, tí ó rí ìgò méjì tí a kọ lẹ́tà orúkọ ọmọ rẹ̀ sí, ẹ lè mọ ohun tó rò. Mo rí i nígbà tó ń gbé wọn lọ pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀. Ó ń kọrin. Mi ò mọ ohun tó ń mú un kọrin.

Wúrà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìn, Ọlọ́ládé wá bá ọkọ mi. Ó ní òun gbàgbé ìgò òun sílé. Ọlọ́ládé yìí ń gbé ní Alibon, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì pé ogójì ọdún. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló ti kú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ṣọlá, ọmọ ìyá rẹ̀, ló yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń lo oògùn lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ má bàa bá kíndìnrín àlejò náà jà. Oògùn náà kò sì jẹ́ kí ara rẹ̀ lè bá àrùn kankan jà mọ́, ó kàn wà bí ilé tí kò nílẹ̀kùn. Ọkọ mi, tí ayọ̀ ti kún inú rẹ̀, mú ọ̀kan nínú ìgò Wúrà. Ó ní, "Gba èyí. Ọmọ mi ló gbé e wá. Fi ìgbàgbọ́ mu ún."

Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, Wúrà ṣí kúlà. "Mọ́mì, omi mi dà?"

Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó na ìgò kan sí i. "Òun nìyí, wòlíì ti gbàdúrà sí i. Ìkejì, mo fi ta Ọlọ́ládé lọ́rẹ."

Wúrà ṣí ìgò náà, ó gbọ́ òórùn lọ́fíńdà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Dádì, omi odò ni! Ìgbẹ́ ènìyàn wà nínú ẹ̀! Àǹtí Ládé ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ó máa pa wọ́n!"

Ọkọ mi wo ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn, níbi tí àwọn ènìyàn ṣì dúró sí tí wọ́n ń kí ara wọn. Wúrà ní kí n fún òun ní nọ́ńbà Ọlọ́ládé, bàbá rẹ̀ sì dá a dúró. "Èmi ni mo fún un, èmi ni n ó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ àgbà ni." Ó mú fóònù, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, níbi tí ariwo àwọn tírélà ojú títì A13 kò ti jẹ́ kí a gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó padà, ó ní, "Mo ti sọ fún un."

"Ṣé wọ́n ti mu nínú ẹ̀?"

"Díẹ̀ ló mu."

"Ṣé ẹ ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn?"

"Wúrà, mo ní mo ti sọ fún un!"

Ọmọ tí a kọ́ dáadáa, kí ni yóò ṣe ju kí ó gba bàbá rẹ̀ gbọ́?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ṣọlá pè mí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Láti àná ló ti ń yàgbẹ́ tó ń bì, ara ẹ̀ ń gbóná bí iná, kò sì gbà ká lọ sílé ìwòsàn. Ó ní omi àdúrà ló ń fọ inú òun. Ó ní Bàbá Wúrà pe òun lọ́jọ́ Sunday pé kóun má mu ún tán, pé agbára inú ẹ̀ pọ̀ jù."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Wúrà."

Yéè! Ẹ gbà mí o. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi wà lọ́jà o, òun gan-an ló wọ́ orí ọmọ.

Wúrà wà nílé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, kò sunkún, kò bínú, ó kàn mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bí a ṣe dé Alibon, yàrá náà ń rùn, ètè Ọlọ́ládé ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. Síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mọ́mì Wúrà, ẹ bá mi dúpẹ́. Gbogbo ìdọ̀tí ara mi ló ń jáde."

Wúrà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Àǹtí Ládé, kì í ṣe omi àdúrà. Omi odò ni. Èmi ni mo bù ú fún iṣẹ́ ilé ìwé mi. Dádì ṣèèṣì gbé e sórí pẹpẹ. Kòkòrò ló wà nínú ẹ̀, òun ló ń ṣe yín báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọlọ́ládé wò ó títí. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣọlá ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Nílé ìwòsàn, dókítà bèèrè ohun tó mu. Wúrà sọ fún un. Dókítà náà ní oògùn tí àwọn máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn wà, àmọ́ àyẹ̀wò tí yóò fi èyí tó tọ́ hàn yóò gba ọjọ́ díẹ̀. Wúrà ní, "Mo mọ èyí tí kò ní ran àwọn kòkòrò náà." Ó jáde sí kọ́ríńdọ̀, ó pe Dókítà Jannah. Mo dúró tì í, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ. Kò fi ọ̀kan pamọ́: ọjọ́ tó bù ú, ibi tó gbé e sí, ẹni tó mu ún. Ó mọ̀ pé bí òun ṣe ń sọ ọ́ ni òun ń fi ẹnu ara òun ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Obìnrin náà kò jágbe mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé kí ó fún dókítà ní fóònù.

Ṣé ẹ rí i, Wúrà ti ń yẹ omi odò náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ti mọ oògùn tí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ kì í gbọ́ tiwọn, ó sì ti mọ ìwọ̀nba èyí tó ń ṣẹ́gun wọn. Oògùn tí wọ́n fẹ́ fún Ọlọ́ládé wà lára èyí tí kò wúlò. Wọ́n yí i padà. Ohun tó jẹ́ kí ó yè nìyẹn, dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ó yè, àmọ́ kíndìnrín Ṣọlá kò yè. Omi ara Ọlọ́ládé ti gbẹ jù, àrùn náà sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí a tó gbé e débẹ̀. Dókítà ní ká ní ó ti wá ní ọjọ́ Ìsinmi gan-an, tàbí ní ọjọ́ Ajé pàápàá, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Nísinsìnyí, ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló padà sí. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, kò tún ní pẹ́ padà.

Mo tẹ̀lé Wúrà lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ṣí ìwé ìwádìí náà, ó ní, "Iṣẹ́ rẹ dára. Mi ò lè gbà á." Wúrà ní, "Mo mọ̀, mà." Ọdún kan mìíràn ni yóò fi tún un ṣe. Mo ti múra láti bú obìnrin náà, mo ti la ẹnu, mo wá rí i pé ó ti yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọkọ mi kò lọ kí Ọlọ́ládé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ló sọ pé ó pọ̀, nígbà mìíràn á ní òun ń gbààwẹ̀ fún un. Níkẹyìn mo ní, "Bàbá Wúrà, tí ẹ ò bá lọ lónìí, n ó gorí pẹpẹ yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi, n ó sọ ohun tí ẹ sọ lórí fóònù." Ó wọ bàtà rẹ̀, èmi àti Wúrà sì bá a lọ.

Ṣọlá ló ṣílẹ̀kùn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó lè bí. Ṣọlá ní, "Bàbá, ẹ dìde. Kì í ṣe èmi lẹ máa bẹ̀. Ọ̀kan tí mo lè fún un, mo ti fún un. Èyí tó kù ni mo fi ń gbé ayé."

Ọlọ́ládé jókòó lórí àga nínú pálọ̀, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí Wúrà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló wo ọkọ mi níbi tó ti tún dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí ẹ pè mí, ṣé ẹ ti mọ̀ pé omi odò ni?"

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ló tì mí, ọmọ mi."

"Ojú tì yín." Kò gbé ohùn sókè. "Ojú tì yín, ẹ wá jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí mo ṣe ń kú lọ."

Ọkọ mi kò dìde nílẹ̀. Èmi náà kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n gbé e dìde.