Ẹni Tí Òkú Gba Orúkọ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dulcie kú ní ìlú kan tó jìnnà, lápá ìwọ̀ oòrùn aṣálẹ̀. Dulcie Napangati ayàwòrán kò mọ̀ ọ́n ju pé wọ́n jọ jókòó níbi eré bọ́ọ̀lù nígbà kan, tí ìyẹn sì jẹ ìrù kangarú rẹ̀ láìtọrọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, òkú sì ti mú un dání lọ. Ẹnu ò gbọdọ̀ pè é mọ́ títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán. Kumanjayi, orúkọ tí wọ́n fi ń rọ́pò orúkọ òkú, ni gbogbo ayé wá ń pe ayàwòrán, bí wọ́n ṣe ń pe òkú náà fúnra rẹ̀. Ajá onísọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Dulcie tẹ́lẹ̀ di Kumanjayi pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Kumanjayi máa bọ̀ wá jẹun, àwọn méjèèjì ló ń dé.

Napangati lọ bá wọn ṣọ̀fọ̀, ó sì pẹ́ lọ́hùn-ún. Kó tó padà, alábòójútó tuntun ti dé sí ilé àwòrán wọn, òyìnbó ọ̀dọ́ kan, Graham, tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di ata rodo. Graham béèrè ibi tí Dulcie gbajúmọ̀ wà. Àwọn obìnrin tó ń yàwòrán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n ń yà. Nakamarra, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Napangati, ló rọra sọ fún un pé kó má dárúkọ yẹn mọ́, Kumanjayi ló ń jẹ́ báyìí.

Wọ́n ti kọ́ Graham ní ìlú ńlá pé òkú ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Omijé lé sójú rẹ̀. Wọ́n tún ti kọ́ ọ pé a kì í wo fọ́tò òkú, ló bá mú aṣọ kan, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó táràkà títí ó fi bo fọ́tò ayàwòrán tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló tẹ àwọn tó ń bá wọn ta àwòrán ní ìlú ńlá láago, ó túfọ̀.

Ìgbà tí Napangati dé, àbúrò obìnrin tó kú ní tòótọ́ bá a wá, ilé rẹ̀ ló sì wọ̀ sí. Napangati lọ jókòó sí àyè rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ ìyàwòrán sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ihò omi inú àpáta tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, òbìrìkìtì nínú òbìrìkìtì. Graham wá lóṣòó tì í.

"Ẹ má bínú, Mà," ó ní. "Omi olóògbé nìyẹn. Ẹlòmíì ò lè yà á."

"Olóògbé wo?"

"Kumanjayi."

"Èmi ni Kumanjayi."

Graham wo Nakamarra.

"Òun náà ni," ni Nakamarra wí. "Ẹni tí ò ń sunkún rẹ̀ yẹn ló jókòó yìí. Búrẹ́dì mi ló ń jẹ."

Graham mi orí tìyanutìyanu. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló sọ fáwọn ará ìlú ńlá lórí fóònù pé ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn yìí jinlẹ̀ gan-an: ẹ̀mí òkú wọn ṣì ń bá wọn jókòó, ó ṣì ń jẹ búrẹ́dì. Napangati ì bá dárúkọ ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n àbúrò òkú wà nítòsí. Ẹnu wo ni yóò fi pè é?

Àwọn ará ìlú ńlá kó òdòdó wá ṣe ìrántí, wọ́n wọ aṣọ dúdú nínú ooru tí ń sun aláǹgbá. Ìyáàfin kan tí ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ń dán yinrin ló sọ̀rọ̀ nípa olóògbé. Iwájú ni Napangati jókòó sí. Ó sunkún kíkankíkan nítorí ẹni tó jẹ ìrù kangarú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó ní kí ìyáàfin tún ibì kan sọ. Nígbà tí ìyáàfin rí àwòrán tuntun nílẹ̀, ó ní ọmọ iṣẹ́ yìí gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ olóògbé fúyẹ́ jù báyìí lọ.

"Òótọ́ ló sọ," Napangati sọ fún Nakamarra. "Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa nígbà yẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àkísà tí Napangati fi ń nu ọwọ́ tán. Ó wọlé, ó fa aṣọ ara ògiri já, ó ń nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́. Graham ń mu tíì lọ́wọ́. Obìnrin inú fọ́tò dé fìlà òtútù aláwọ̀ ewé, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ dé fìlà yẹn gan-an, àlàfo eyín náà ò sì yí padà. Tíì dà sí ṣòkòtò Graham, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Ẹ ò kú," ó ní.

"Ta ló ní mo kú?"

"Èmi ni."

Ó pe ìlú ńlá. Ìyáàfin náà béèrè bóyá ayàwòrán lè fara da ipò òkú títí àfihàn àwòrán ìrántí rẹ̀ yóò fi parí, torí wọ́n ti to òdòdó. Ojú ti Graham láti jíṣẹ́ náà. Napangati ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fi ọ̀dà yẹ́lò ránṣẹ́.

Nígbà tí Graham bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Napangati ní kó gbé àwọn obìnrin lọ síbi omi inú àpáta tí òun ń yà. Mọ́tò gba inú koríko ẹlẹ́gùn-ún àti iyanrìn pupa. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi àpáta, Napangati dá wọn dúró, torí a kì í panu mọ́ wọ ilé onílé.

"Èmi rèé o," ó ké sí àwọn baba ńlá tó wà nínú omi. "Ọmọ yín ni. Mo mú àlejò wá, ẹ má bá a jà."

Ó wá ní kí Graham náà sọ tirẹ̀. Graham ṣí fìlà. Ó dárúkọ ara rẹ̀ fún àpáta, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì.

Nakamarra rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Napangati nu ojú.

"Wọ́n ti gbọ́," ó ní. "Wá mu omi."