Kókó Tó Wà Lára Ògiri Bàbá Akínlẹ́yẹ

Ìwọ̀ ẹja kan ṣoṣo ni Fàdìlàt fẹ́ rà, kò sì fẹ́ rà á níbòmíràn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń tà á lórí fóònù, ó sì mọ̀ pé wọ́n ní i ní Akówọnjọ. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Akínlẹ́yẹ, ní Ìkòtún, ló fa Aasiyah, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́wọ́ wọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò yí padà. Bọ́ọ̀lù ṣì so rọ̀ lókè nínú àwọ̀n, bàtà bọ́ọ̀lù wà lápá ọ̀tún, okùn ìpẹja àti òjé wà lápá òsì. Òórùn rọ́bà tuntun yẹn náà ni, èyí tó máa ń fa Fàdìlàt yà síbẹ̀ nígbà tó bá ń ti ilé kéú bọ̀.

Ará Ìlàjẹ ni Bàbá Akínlẹ́yẹ, ọmọ etí omi pọ́ńbélé, ó sì ní òfin kan: kò ní í ta ìwọ̀ fún ẹni tí kò bá lè so ó mọ́ okùn lójú òun. Bàbá á fà á títí. Bí kókó bá yọ, o ó máa lọ sílé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Fàdìlàt fi kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Lọ́jọ́ tó lọ, ó ta kókó rẹ̀, ó tún fi òwú pupa tó tú lára súwẹ́tà ìyá rẹ̀ dì í nídìí. Bàbá fà á, fà á, kò yọ.

"Ó dáa," ni Bàbá wí, ó sì gba ìwọ̀ náà padà. "Lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin kó wá rà á. Ìwọ̀ kì í ṣe ohun obìnrin."

Rídwàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀! Fàdìlàt sunkún délé. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, inú ṣì ń bí i.

Lónìí, oníbàárà kan tó ń jẹ́ Godswill ló wà níwájú Bàbá. Kókó tirẹ̀ ti yọ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá nawọ́ sí ògiri, ó mú ìwọ̀ kan tó ti dípẹtà, tòun ti okùn rẹ̀, kúrò lórí ìṣó.

"Wò ó, báyìí ló ṣe yẹ kó rí. Eléyìí ni mo fi ń kọ́ gbogbo yín."

"Baba, ta ló so eléyìí sef?"

"Ọmọkùnrin kan báyìí. Ó ti pẹ́."

Òwú pupa ṣì wà nídìí rẹ̀. Ara Fàdìlàt gbóná. Wọn ò ta ìwọ̀ fún un, wọ́n wá ń fi kókó rẹ̀ ṣe tíṣà! Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọmọkùnrin wo nìyẹn?"

Bàbá gbójú sókè. Ó wò ó, ó wo òwú náà.

"Èmi ni mo ta á. Ẹ ní kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá."

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn ṣá. Mú ìwọ̀ méjì lọ, lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mi ò fẹ́ ọ̀fẹ́, sà. Ẹ sọ ẹni tó ta kókó náà fún oníbàárà yín."

"Obìnrin ni," Bàbá kùn.

"Ó lórúkọ, Bàbá."

"Fàdìlàt ni!" ni Bàbá wí fún Godswill.

Fàdìlàt ti ọmọ rẹ̀ síwájú. Aasiyah gba okùn àti ìwọ̀ tuntun, ó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ta kókó tirẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bàbá fà á. Ó tún fi gbogbo agbára arúgbó fà á. Kò yọ.

"Ṣé kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ni, sà?" Aasiyah bèèrè.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì na ìwọ̀ náà sí i. "Rárá," ó ní. "Ìwọ ni mo tà á fún."