Àwọn Kẹ̀kẹ́ Tí A Yá De Àlejò

Mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n Béjidé pé kó má yá kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé fún ìjọba ni. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń bọ̀ láti Òṣogbo wá wo abà wa lẹ́yìn Iperindo, bóyá kànga tọ́ sí wa. Àwọn tó ń wa góòlù ti da odò wa rú. Adétọ́lá ọmọ mi ń ṣu, ó ń bì, awọ ara rẹ̀ ti hunjọ. Dókítà ní Iléṣà ní omi yẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í fi ìdí àpò han àlejò. Ó yá kẹ̀kẹ́, ó yá rédíò, ó ra mínírà.

Ọ̀gbẹ́ni Mùyídéènì dé. Ó ka kẹ̀kẹ́, ó ka òrùlé páànù, ó béèrè bí kòkó àti góòlù tí à ń tà ṣe pọ̀ tó. Kò béèrè odò. Ó mu mínírà tán, ó ní abà wa ti tẹ̀ síwájú, kànga yóò lọ síbi tí ìyà wà. Àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn.

Mo sáré bu omi odò sígbá, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó pọ́n bí ẹrẹ̀.

"Ẹ ka eléyìí náà, sà. Òun lọmọ mi ń mu."

Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín.

"Omi tá a fi ń po amọ̀ ni, sà. Ẹ má dá a lóhùn. Látìgbà tí bàbá wa ti yọ ọ́ nílé-ìwé tó fi èmi síbẹ̀, kò sóhun tí mo ṣe tó dára lójú rẹ̀."

Gbogbo abà mọ̀ pé n kì í wọ ilé rẹ̀. Mo wo Silas aládùúgbò wa, tó sin ọmọ tirẹ̀ lójò tó kọjá. Ó tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé ti ògiri rẹ̀.

Mọ́tò lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá kó kẹ̀kẹ́ wọn.

Mo gbé igbá omi náà wálé. Adétọ́lá ń béèrè omi. Mo wọ ilé Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó fún mi ní mínírà tó bá kù. Ó ní àwọn àgbà ti mu ún tán. Ó ń ka ìgò òfìfo sínú àpótí, kò lè wojú mi.

Nígbà tí mo padà sílé, Lucy ìyàwó mi ti gbé igbá yẹn sẹ́nu ọmọ.