Kíláàsì Aago Méjì

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà náà ti dé ni ìdí Marlys Oppegaard kò ti gba àga mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbé ife kọfí, ó gbé e kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Ó lọ sójú fèrèsé, ó wo yìnyín tó ń yọ́ láàárín pòròpórò àgbàdo lẹ́yìn ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó padà sídìí tábìlì, ó tún lẹ́tà náà kà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ti yí padà nígbà tí òun kẹ̀yìn sí i. Ọ̀rọ̀ kò yí.

Ohun tí lẹ́tà náà wí kò gùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń yẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Prairie Fork wò. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Òwò, tí Marlys jẹ́ olórí rẹ̀, gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì wọlé. Mẹ́fà péré ló gboyè jáde. Bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn, bó ṣe rí lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀ka tí kò bá sì ti lè mú ẹni mẹ́wàá jáde fún ọdún mẹ́ta léra wọn, àgádágodo ló kù. Kí olórí ẹ̀ka kọ ohun tó fà á àti àtúnṣe tó fẹ́ ṣe, kó fi lé ọ̀gá àgbà lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Marlys ti lò nínú ẹ̀ka yìí. Òun ló ń kọ́ wọn ní Òfin Òwò, kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò lè gboyè láìgba ibẹ̀ kọjá. Ẹni bá ní kí wọ́n ti ẹ̀ka náà, bí ìgbà tó ní kí wọ́n ti ilé Marlys mọ́ ọn níta ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Lyle Vandersloot tó ń kọ́ wọn ní ìpolówó ọjà yọjú sí i, àwo lọ́wọ́.

"Marlys, wọ́n ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì aládùn tó o fẹ́ràn, ìwọ wá ń rìn kiri bí adìẹ tó fẹ́ yé."

"Lyle, jọ̀ọ́, jẹ́ n gbọ́ ti ara mi. Kí ló ń lé àwọn ọmọ yìí lọ?"

"Fóònù ni. Ọ̀lẹ ni. Ọmọ ìsinsìnyí ò lè jókòó sójú kan."

"Èmi gan-an ò lè jókòó sójú kan láti àná."

"Ìyẹn ni mo ṣe ní kó o lọ jẹun."

Marlys kò lọ. Ìdí àpótí ìwé àtijọ́ ló lọ. Àṣà wọn ni pé lóṣù kẹrin ọdọọdún, lọ́jọ́ tí kíláàsì bá parí, wọn a pín fọ́ọ̀mù: ṣé ẹ̀kọ́ náà tẹ́ ọ lọ́rùn? Fi àmì sí nọ́ńbà kan, láti oókan títí dé aárùn-ún tó ga jù. Aárùn-ún, aárùn-ún, ẹẹ́rin, aárùn-ún. Ó fẹ́ kó wọn jọ fi ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀ka òun dára. Ó ka ogún, ó ka ọgbọ̀n, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Àwọn tó dúró títí dópin ni wọ́n ń bi léèrè láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yìí. Ta ló bi àwọn tó lọ? Bí ìgbà téèyàn dúró sídìí àwo oúnjẹ, tó ń bi àwọn tó ń jẹun pé ta ni ebi ń pa ni.

Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ó gba orúkọ gbogbo ẹni tó kúrò láti ọdún márùn-ún, ó sì jókòó tì í. Mẹ́tàlélógún nínú wọn ti ṣe gbogbo kíláàsì tán, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan náà ni fún gbogbo wọn. Òfin Òwò.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò ní gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Marlys gbà pé kíláàsì òun ló le jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi sórí iṣẹ́ tó ń fún wọn, ó yọ ìdánwò kan, ó dá a padà, ó yọ òmíràn. Ó pe mẹ́tàlélógún náà lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń gbé ìpè nọ́ńbà tí kò mọ̀ láyé òde òní? Ó wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Títí di ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹnì kan péré ló dáhùn, Delfina Arreola. Ọmọ tó máa ń jókòó síwájú nínú àwọn kíláàsì yòókù ni Delfina nígbà náà, tó máa ń bi olùkọ́ ní ìbéèrè títí olùkọ́ á fi wo aago. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kúrò. Ó ti di olórí àwọn tó ń gé ẹran nílé iṣẹ́ tòlótòló tó wà lẹ́yìn ìlú.

Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mìsíìsì Oppegaard. Àwa tá a kúrò lọ́dọ̀ yín pọ̀ níbí o. Ẹ wá sẹ́nu géètì láago méjì ààbọ̀ lọ́la, ìgbà yẹn la máa ń ṣíwọ́."

Inú Marlys dùn, ó yára dáhùn: "O ṣeun gan-an, Delfina. Mo ní kíláàsì láago méjì lọ́la. Ṣé kò sí àkókò mìíràn?"

Marlys rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún rìn dé ibẹ̀. Ìgbà tó yá, fóònù dún.

"Ohun témi náà bi yín lọ́jọ́sí nìyẹn, Mìsíìsì."

Ìdúró ni Marlys wà tó fi kà á. Aṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Ó rántí ọmọbìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà, nínú bàtà rọ́bà, tó ń béèrè bóyá kíláàsì náà lè wà nígbà mìíràn. Ó sì rántí ohun tí òun fi dá a lóhùn, nítorí gbogbo ẹni tó bá béèrè ló ń fi dá lóhùn: "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á wá ọ̀nà."

Kí ló tiẹ̀ dé tó fi jẹ́ aago méjì? Ọdún tó gba iṣẹ́ náà, Kirsten ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Obìnrin tó ń bá a mú ọmọ kò lè dé ṣáájú aago kan ààbọ̀. Aago méjì ló rọrùn fún Marlys, aago méjì ló mú. Kirsten ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí, ó ń gbé ní Minneapolis, òun náà ti bímọ. Ìgbà ò lọ bí òréré. Ìdí tó mú aago yẹn wá ti kú, aago ò kú.

Lọ́jọ́ kejì, Marlys ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kò sí kíláàsì. Àwọn ọmọ rò pé ẹnì kan ló kú.

Nígbà tó fi máa di aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti wà lẹ́nu géètì, ó ń fẹsẹ̀ gbo yìnyín yíyọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíwọ́, wọ́n ń tú jáde pẹ̀lú àwọ̀n funfun lórí. Delfina rí i, ó sì fọwọ́ pe àwọn yòókù. Bàbá onírùngbọ̀n kan wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ṣé ẹ̀yin ni Aago Méjì?"

"Aago kí ni?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Mìsíìsì," ni Delfina wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Bá a ṣe ń pè yín níbí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ohun tí ò lè ṣeé ṣe, a á ní kó lọ bá Aago Méjì."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Marlys náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í.

"Kíláàsì náà ò le jù fún yín?"

"Ta ló wọ̀ ọ́ tó fi mọ̀ bóyá ó le?" Bàbá onírùngbọ̀n ló dáhùn. "Méjì ààbọ̀ la ń ṣíwọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni mọ́tò. Ká tó débẹ̀, ẹ ti fẹ́ nu pátákó."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Delfina wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "A sọ, Mìsíìsì. Ẹ ní ká wá ọ̀nà."

Marlys yí ìwé tó mú dání padà, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà sí kíláàsì kọ orúkọ rẹ̀. Mọ́kànlá ló kọ orúkọ wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó tú ká.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dwight Pruett, ọ̀gá àgbà ẹ̀kọ́, ka ojú ìwé kan péré tí Marlys fi jíṣẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un kà.

"Marlys, àwọn olórí ẹ̀ka yòókù mú ogójì ojú ìwé wá. Lyle ní ká yí orúkọ ẹ̀ka padà, ká dá kíláàsì tuntun méjì sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba fẹ́ràn ohun tuntun. Tiyín wá ní aago ni?"

"Aago ni. Èmi ni mo yàn án, fún ìrọ̀rùn ara mi, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká yọ ibi tẹ́ ẹ ti ní ẹ̀yin ni. Wọ́n á béèrè pé kí lẹ ti ń wò láti ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ tì í pa."

Marlys ti dìde, ó ti dé ojú fèrèsé, ó ti padà.

"Tá a bá yọ ọ́, Dwight, ohun tá a fẹ́ tún ṣe ò sí nínú ìwé mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìgbìmọ̀ kò tì í, wọn kò sì dá a láre. Ọdún kan ni wọ́n fún un: ẹni mẹ́wàá, tàbí àgádágodo.

Ìdí nìyí tí Marlys fi wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran tó kọjú sí ilé iṣẹ́ tòlótòló lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù kẹjọ. Aago mẹ́ta ti lọ. Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìkéde sọ pé Òfin Òwò yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó to àga méjìlá. Ó kó mẹ́rin kúrò kí òfìfo má baà pọ̀ lójú. Ó kó wọn padà. Ó gbọ́ mọ́tò lóde, ó sáré dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Mọ́tò náà kọjá lọ. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lu, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Ó ka àga lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé wọ́n lè ti dín.

Ìró bàtà rọ́bà ló kọ́kọ́ gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Delfina wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó bọ́ àwọ̀n orí rẹ̀ sápò, ó sì yọ ìwé kan jáde láti inú báàgì, ìwé Òfin Òwò tí eruku ti bo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti rà á," ló wí. "Mi ò tíì ṣí i."

"A ò lo èyí mọ́. Òmíràn ti jáde."

"Ṣé òfin ti yí padà ni?"

"Díẹ̀," ni Marlys wí. Ojú rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, níbi tí ìró ẹsẹ̀ mìíràn ti ń bọ̀. "Jókòó, Delfina. Ká dúró de àwọn tó ń bọ̀."