Orí Àgbàlagbà, Ara Ọmọ Ọdún Méje

Omi dé kókósẹ̀ nínú ilé fọ́tò Bàbá Ṣómúyìíwá, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá fúnra rẹ̀, tó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn, ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi náà síta bí ẹni ń gbálẹ̀ àgbàlá, ó ń ráhùn pé àwọn oníbàárà òun kì í nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Pásípọ́ọ̀tù ni Kẹ́hìndé wá yà. Orí àti èjìká, ó tán. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méje, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ ni. Ó sanra, apá rẹ̀ ki, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, kò sì sí ẹni tó tó o fi ìyẹn bú lójú títì, nítorí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé kámẹ́rà sókè, á ti bọ́ sẹ́yìn èrò, tàbí kó gba ọmọ ọlọ́mọ, kó gbé e dí ikùn.

Téèpù tó fi kọ́rùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ ìdí gbogbo obìnrin àdúgbò. Tìrẹ nìkan ni n kò mọ̀."

"Dákẹ́," ni Kẹ́hìndé wí.

Táyé sì wọlé. Ìkejì rẹ̀ ni, ibà ló pa á ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Láyé ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá á mú èyí tó kù lọ bá onífọ́tò, onífọ́tò á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan, kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Bàbá Ṣómúyìíwá ló ya Kẹ́hìndé bẹ́ẹ̀ nígbà tó di ọmọ ọdún méje. Ó jókòó lápá ọ̀tún, ó tún lọ jókòó lápá òsì. Títí ìyá wọn fi kú, àràárọ̀ ló ń kí àwọn méjèèjì lára ògiri.

Orí Táyé jẹ́ orí obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ewú wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, ọmọ ọdún méje ni, ẹsẹ̀ tín-ín-rín, búláòsì àti yẹ̀rì inú fọ́tò ọjọ́ kìíní. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di orí mú kó má baà ṣubú.

Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín. "O jọ ẹ̀pà tí wọ́n fi iṣáná gún."

Táyé náà rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ fì, Bàbá sáré fi ọwọ́ gbá a mú.

"Ìwọ lo fà á, ẹ̀gbọ́n mi alágídí," ni Táyé wí. "Fọ́tò rẹ ni mo fi ń dàgbà. Èyí tí wọ́n bá yà ni mo ń rí wọ̀. Ọdún márùndínláàádọ́ta, orí lo ń fi ránṣẹ́. Orí, orí, orí. Ọrùn ń ro mí."

Bàbá ní, "Ẹyọ fíìmù kan ló kù. Bí o bá tún ya orí, ọrùn rẹ̀ á kán."

"Bó bá kán ńkọ́?"

"Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá kán lọ́dọ̀ wa kì í lè wá kí ará ilé mọ́."

Ògiri ilé fọ́tò ti di ògiri yàrá ìyá wọn, ó ń rùn káńfọ̀. Lára aṣọ ìkélé ẹ̀yìn àga oníbàárà, èyí tí wọ́n ya àwòrán àtẹ̀gùn sí, ewúrẹ́ mẹ́ta ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O ò ní fẹ́ràn ara yìí," ni Kẹ́hìndé wí. "Ó wúwo. Orúnkún ọ̀tún ń dùn. Ojú àpá wà nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí wọ́n ti gbé Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi jáde."

"Ṣé ó ń rìn?"

"Ó ń rìn."

"Ṣé ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́?"

"Wo ohun tó ń bi mí! Kí lo rò pé ó gbé ikùn dé ibẹ̀?"

"Èmi ò rí ibi tí mo máa jẹ ẹ́ sí. Gbé e wá, jàre."

Kẹ́hìndé kò sunkún, kò sì gbàdúrà. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọn ara rẹ̀, ó sì ń pè é sókè bó ṣe ń pe ti oníbàárà, kò yọ íǹṣì kan. "Àyà, àádọ́ta. Ikùn, méjìdínláàádọ́ta. Ìdí, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ kọ ọ́." Bàbá fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri.

Ó wá jókòó bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó: ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ́ ìró, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì yọ. Àwọn àgbà kì í gba fọ́tò tí kò bá sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ gé ẹsẹ̀ mi."

Kámẹ́rà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí Táyé ló kọ́kọ́ dé, ó dún bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò ẹ̀wà kalẹ̀. Ikùn tẹ̀ lé e, apá tẹ̀ lé e. Ọrùn rẹ̀ nípọn. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀ kúrò lórí, orí sì dúró. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn.

"Àpá yìí, tèmi náà ni?"

"Tìwọ náà ni."

Táyé fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ilẹ̀ dáhùn. "Ó wúwo lóòótọ́," ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n gbé odidi iṣu fún. Ó jáde sójú ọ̀nà. Ibi tó bá tẹ̀ ń rì díẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń jáde wá dẹ etí sí ilẹ̀.

Bàbá ní, "Ó ti parí. O lè dìde."

"Ẹ tún un yà."

"Kò sí fíìmù mọ́."

"Ẹ ṣáà máa yà á."

Bàbá fi aṣọ dúdú borí, ó ń yà á. Gbogbo ìgbà tó bá yà á, adìẹ pupa kan á ti ẹnu kámẹ́rà jáde, á wá bà lé itan Kẹ́hìndé. Wọ́n pé mẹ́rìndínlógún. Itan rẹ̀ gba gbogbo wọn, ó sì ṣẹ́ kù.